Okùn Bàbá Ọlọ́bì

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1979, nígbà tí ẹnì kan kígbe ní pápá Ìkẹ́nnẹ́ pé, "Màlúù já!" Àkókò náà dá mi lójú, nítorí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀ tán ni, ó ka aago náà sókè, ó sì ní ká máa wá ibi tí a ó ti kírun Alásàrì. Màlúù náà ni kò dá mi lójú. Mi ò rí màlúù kankan tó ń sáré lọ́jọ́ náà, títí di òní mi ò sì tíì bá ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pàdé. Ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà mo rí iwájú wọn, nítorí gbogbo wọn yí padà sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà.

Bàbá tó bí ìyá mi ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo Ofin, ní Ṣàgámù, ló mọ̀ ọ́n sí Bàbá Ọlọ́bì, nítorí gbànja ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tà: ó ń rà á lóko, ó ń kó o fún àwọn obìnrin kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n bó o, kí wọ́n fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn Haúsá a sì kó o lọ sókè Ọya. Nígbà tí a ń ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ó ju ẹni mẹ́ta lọ tó dìde tó pè é ní akíkanjú. Mo ti wá rò ó títí, ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Bàbá kì í ṣe akíkanjú. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, òun ni ẹ̀rù ń bà jù lọ. Iná ń bà á lẹ́rù, omi ń bà á lẹ́rù, ìbọn tí àwọn ọdẹ máa ń yìn lọ́jọ́ ọdún ń bà á lẹ́rù, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ láìnídìí sì ń bà á lẹ́rù ju gbogbo wọn lọ. Mi ò sọ ọ́ láti tàbùkù rẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́, ohun tó ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ kò ní í yé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó rúni lójú níbẹ̀ ni pé òun náà ló ń kó wa jáde. Àwọn bàbá tí kò bẹ̀rù ohunkóhun ní àdúgbò wa, ilé ni wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sí. Bàbá tiwa, tí ọjọ́ Sátidé bá ti dé, tí wọ́n bá ní onídán ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, tàbí pé àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ sáré ìje, tàbí pé ìlú kan nítòsí ń ṣọdún, ó ti wọ dàńṣíkí rẹ̀ funfun, ó ti mú okùn sọ́wọ́.

Okùn yẹn nìyí. Okùn tí wọ́n fi ń di apẹ̀rẹ̀ obì ni, ó le, ó sì máa ń run ewé tútù. Bàbá ta kókó mẹ́rin sí i, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ni kókó tirẹ̀. Bàbá a mú orí okùn, á sì máa lọ níwájú. Sídí, àbúrò mi, tó kéré jù, ló máa ń tẹ̀ lé e. Múìnà ló kàn, lẹ́yìn náà èmi. Lásísì, ẹ̀gbọ́n Múìnà, ló máa ń wà nídìí okùn nítorí òun ni àgbà wa. Ọmọ Sàlámì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni àwọn méjèèjì yìí. Báyìí la ṣe ń gba àárín ìlú kọjá. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìtìjú rẹ̀ fún ẹni tí wọn kò fi okùn fà rí. Àwọn tó ń lẹ táyà ní ìkòríta kì í jẹ́ ká kọjá bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Ọlọ́bì, ẹ kú ọjà o! Èló ni àgbò tó wà lẹ́yìn yẹn?"

"Èyí tó gùn yẹn ti gbó jù, Bàbá. Ẹ bá wa dín in kù!"

Lásísì ni wọ́n ń pè ní àgbò tó gbó. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ó sì ti ń wo àwọn ọmọbìnrin. Orí rẹ̀ a wá tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Bàbá kì í bínú sí wọn. Ó dúró lọ́jọ́ kan, ó wo ẹni tó béèrè iye, ó sì fèsì bí ẹni tó ń ná ọjà lóòótọ́: "Kì í ṣe títà. Èyí tó bá sọnù ni wọ́n ń tà."

Àwọn ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lóru ọjọ́ náà mo di etí aṣọ Múìnà mú sùn.

Nígbà tí ọ̀nà ńlá tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àwọn ènìyàn máa ń lọ wò ó lọ́sàn-án Sọ́ńdè bí ẹni ń lọ wo ìran. Ó lè jọ ẹ̀fẹ̀ létí ẹni tó bá kà á lónìí, àmọ́ òótọ́ ni. Wọ́n á gbé ẹní, wọ́n á gbé oúnjẹ, wọ́n á jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Ògèrè kí wọ́n lè wo bí mọ́tò ṣe ń fò kọjá. Bàbá kó àwa náà lọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká dé ẹ̀bá ọ̀nà. Orí òkè kan tó jìnnà ló tẹ́ ẹní sí, débi pé àwọn mọ́tò kò ju èèrà lọ lójú wa. Ìró wọn sì máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá. Lásísì bẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni."

"Kí lo fẹ́ lọ fọwọ́ kàn níbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo kàn fẹ́ rí i ni."

"Ṣé kò sí lójú rẹ níbí ni?"

Mo ń wo ọwọ́ Bàbá bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti fi okùn wé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ sì ti dá ní orí ìka rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè gígùn nísàlẹ̀, ó dìde dúró, ó tún jókòó. Ó fún wa ní àkàrà. Ó ní, "Ojú ni ká fi jẹ ayé yìí. Ẹ má fi ẹsẹ̀ jẹ ẹ́."

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láàárín òun àti Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, àmọ́ wọ́n ń jà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá Àgbà kì í ṣe oníjà. Ó kàn fẹ́ kí ohun tí ènìyàn ń ṣe bá ara wọn mu ni, mo sì rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ìwà bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Sàlámì, tí ẹ bá padà dé báyìí, ẹ ò ní lè jẹun. Ẹ ó máa mí bí ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀. Ta ló fi yín sí i? Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n ṣeré nílé."

"Ilé kọ́ ni wọ́n ó máa gbé títí ayé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà ná."

"Ìyá Sàlámì, ọmọ tí kò bá rí èrò rí, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò sọnù."

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kì í ṣe ìgbádùn ló ń kó wa lọ ṣe. Bí àwọn mìíràn ṣe ń kó ọmọ wọn lọ sódò láti kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló ṣe ń kó wa lọ sí ibi ìran. Èrò ni odò tirẹ̀.

Àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Tí a bá ti dé pápá èyíkéyìí, kí a tó wo ohunkóhun, ó máa fi igi kan hàn wá. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá sọnù lọ dúró sí, òun náà yóò sì wà níbẹ̀, kò sì ní kúrò, nítorí tí ẹni tó sọnù bá ń rìn, tí ẹni tó ń wá a náà ń rìn, wọn kò ní í bára wọn. Ẹ̀kọ́ kejì le ju èyí lọ. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ wa láàárín èrò, a kò gbọ́dọ̀ dáhùn, a kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Gbọ́mọgbọ́mọ a máa tẹ́tí lélẹ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀, á sì fi pè é lẹ́yìn wọn. Gbogbo wa ló ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ó wà nínú gbogbo ilé ní Ṣàgámù nígbà náà.

Bàbá a máa dán wa wò. Ó máa ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń bó obì pé kí wọ́n pè wá lójijì láti ẹ̀yìn. Lásísì jẹ́ ìpè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀n?" bẹ́ẹ̀ lásán. Sátidé náà, a lọ wo onídán, a fi í sílẹ̀ nílé. Sídí kò jẹ́ rí. Wọn a pè é, wọn a tún pè é, wọn a fi dòdò lọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ a dúró síbì kan bí ti adití. Bàbá a fọwọ́ kàn án lórí. Ó máa ń ní, "Orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ orúkọ."

Kí wá ni ẹ̀rí? Ohùn tirẹ̀ ni. Ìpè kan ṣoṣo ló ní kí a máa jẹ́. Kò ní orúkọ nínú. Tó bá fẹ́ mọ̀ pé gbogbo wa pé sídìí okùn, kì í wẹ̀yìn, ó kàn máa ń sọ pé, "Ọghọ́ dà?" gbogbo wa á sì na ọwọ́ kan sókè. Ọwọ́ ló ń béèrè. Àwa tí a lọ sí iléèwé, "ọwọ́" la ń pè é. Èdè Rẹ́mọ ni Bàbá ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn àárín ọ̀rọ̀ náà sì máa ń ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wá, bí ẹni tó ń fi omi fọ ọ̀fun. A máa ń sín in jẹ nínú ilé. Lásísì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, Sídí kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ìyá mi bá wa nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó nà wá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí kí a tó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́.

Àfihàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní pápá iléèwé kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Sàlámì, ló fi Píjò rẹ̀ gbé wa débẹ̀, ó sì padà. Iṣu tó tóbi tó ọmọ kékeré wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì gígùn tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò dé ilẹ̀. Katakata tuntun méjì wà níbẹ̀. Wọ́n so àwọn màlúù mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun pápá. Ní àárín, wọ́n kan pẹpẹ onígi kan, ọkùnrin kan sì dúró lórí rẹ̀ tó ń fi gbohùngbohùn ṣẹ̀fẹ̀. Igi máńgòrò kan wà létí pápá. Bàbá fi hàn wá kó tó jẹ́ ká wo nǹkan kan. Ó ní, "Igi yín rè é."

Nígbà tí igbe yẹn sọ, okùn wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Èrò yí padà, wọ́n ń bọ̀. Mo fún kókó mi mọ́wọ́, nítorí ohun tí a kọ́ mi láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn nìyẹn. Bàbá wẹ̀yìn. Mo rí ojú rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀, ó dà bí ẹni tó ń wo ohun tó ti rí rí. Ó kígbe pé:

"Ẹ jù ú sílẹ̀! Ẹ ju okùn sílẹ̀!"

Ó rí ohun tí àwa kò rí. Tí a bá so mọ́ra, tí ẹnì kan ṣubú, gbogbo wa la ó ṣubú, wọ́n á sì gba orí wa kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ju orí okùn sílẹ̀. Ó sáré wá sẹ́yìn, ó mú èmi àti Múìnà lápá, ó ń ti Lásísì síwájú, ó rò pé Sídí wà lábẹ́ apá òun. A sáré lọ sídìí máńgòrò. Mi ò mọ bí a ṣe débẹ̀. Bàtà mi kan ti lọ.

Lábẹ́ igi, Bàbá kọjú sí èrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó ní, "Ọghọ́ dà?"

Ọwọ́ mẹ́ta ló gòkè. Ó wẹ̀yìn. Ó tún un sọ. Ọwọ́ mẹ́ta náà ni.

Kò kígbe. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Eruku ti bo pápá. Àwọn ìyá ń ké orúkọ ọmọ wọn káàkiri, orúkọ oríṣiríṣi ń fò lórí wa. Mo sọ pé kí á lọ wá a. Bàbá ní rárá, ẹni tó bá kúrò nídìí igi ti sọnù. Ó ní Sídí mọ igi, yóò wá. A dúró. Kò wá. Ìsáré rọlẹ̀, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, wọ́n ń gbọn aṣọ, àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Kò wá síbẹ̀. Lásísì ló sáré lọ bá oníkéde lórí pẹpẹ láìgbàṣẹ, kò sì pẹ́ tí a fi gbọ́ ọ láti inú gbohùngbohùn:

"Sídíkátù ọmọ Ṣàgámù! Sídíkátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, aṣọ pupa ló wọ̀. Sídíkátù, níbikíbi tí o bá wà, máa bọ̀ nídìí pẹpẹ o, Bàbá rẹ ń wá ọ!"

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ àbúrò mi kún gbogbo pápá. Mo ń wo ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Kò ní í jáde," ó ní. "Èmi ni mo ní kó má jáde."

Èmi náà wá rí i. Ẹni tí a kò mọ̀ ló ń pe orúkọ rẹ̀ láàárín èrò, pẹ̀lú ohùn tó tóbi ju ti ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń pè é tó ni yóò ṣe máa sápamọ́ tó. Ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Láìpẹ́ èrò yóò máa túká lọ sílé, ẹnikẹ́ni sì lè fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ jáde láàárín wọn.

Bàbá dìde. Ó ní kí èmi àti Múìnà dì mọ́ igi, kí a má jù ú sílẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Ó kúrò nídìí igi. Nínú gbogbo ọdún tí ó fi kó wa jáde, ìgbà kan ṣoṣo nìyí tó kúrò nídìí igi. Kò lè sáré. Mo rí fìlà rẹ̀ bó ṣe ń wọ àárín èrò lọ títí mi ò fi rí i mọ́. Nítorí náà ohun tó kàn, etí ni mo fi gbọ́ ọ, láti ẹnu oníkéde nínú gbohùngbohùn:

"Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí i."

Èémí Bàbá ló kọ́kọ́ jáde, èémí lásán. Bàbá kò sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn rí. Níbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, àbúrò rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Oníkéde ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Bàbá, kì í buni jẹ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jáde, ohùn ọ̀nà ọ̀fun yẹn, ó gba orí pápá kọjá:

"Ọghọ́ dà?"

Ẹ̀rín ta. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú wa na ọwọ́ wọn sókè.

"Ọwọ́ rè é, Bàbá!"

"Tèmi náà rè é! Kí lẹ fẹ́ fún wa?"

"Ọghọ́ dà?" ó tún sọ. Ohùn rẹ̀ já ní àárín. Ẹ̀rín náà sì dínkù, nítorí gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ẹ dákẹ́." Ọ̀pọ̀ àwọn tó na ọwọ́ kò gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá wọ́n rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ọwọ́ kún pápá. Èmi àti Múìnà na tiwa náà, a fi ọwọ́ kejì di igi mú.

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ obìnrin kan ké láti ibi tábìlì iṣu.

"Ọwọ́ kan rè é níbí o! Lábẹ́ aṣọ! Ọwọ́ ọmọ ni!"

Mo rí i nígbà tí wọ́n gbé e dé ìdí igi. Kò sunkún. Eruku ti bo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lókè, kò tíì gbé e sílẹ̀ láti abẹ́ tábìlì. Bàbá kò gbá a mọ́ra. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ọghọ́ kejì ńkọ́?"

Sídí mú ọwọ́ kejì jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Okùn wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò jù ú sílẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ náà pé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ló wọ́ okùn lọ, okùn sì wọ́ òun lọ. Pé òun gbọ́ tí Bàbá ní kí a jù ú sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé gbọ́mọgbọ́mọ ló ń fi ohùn Bàbá sọ ọ́, nítorí Bàbá kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

A dé ilé, Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Ẹ̀rù yín ló fi í pa mọ́." Bàbá kò jà. Ó ń fi omi fọ ẹsẹ̀ Sídí nínú abọ́. Ó ní, "Mo kọ́ ọ bí kò ṣe ní í jẹ́ ìpè. Mi ò kọ́ ọ bí yóò ṣe jẹ́ ẹ."

Mo rò pé ìjáde wa ti parí nìyẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wọ dàńṣíkí funfun. Kò mú okùn. A lọ wo eré bọ́ọ̀lù, ó ń wẹ̀yìn kà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń lẹ táyà béèrè pé ta ló ra àwọn àgbò.

Mo ti gbìyànjú láti mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Ìtàn méjì ni mo rí. Ìyá Àgbà ní Bàbá ní àbúrò ọkùnrin kan, tí Bàbá ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi ọdún kan ní Ofin nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé, tí wọn kò sì rí i mọ́. Àbúrò Bàbá obìnrin, tó ṣì wà láyé, sọ fún mi pé irọ́ ni, ilé ni ọmọ náà ti kú, àrùn ló pa á, òun sì rí sàréè rẹ̀. Ìyá Àgbà kò tíì wọlé ọkọ nígbà náà, àbúrò Bàbá sì kéré jọjọ. Mi ò lè dá ẹjọ́ náà. Bàbá kò sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ nígbà tó wẹ̀yìn ní Ìkẹ́nnẹ́ nìkan ni mo ní, ojú kì í sì í ṣe ẹ̀rí tó tó.

Èyí tí mo mọ̀ dájú ni ohun tí ẹ̀rù náà sọ èmi di. Níbi tí mo ti ń sin ìlú gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ báyìí, tí wọ́n bá kó wa jọ sí pápá, igi ni mo kọ́kọ́ ń wá. Tí wọ́n bá pè mí lẹ́yìn, mi kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pè é ní ìgbéraga.

Àárọ̀ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí wálé. Wọ́n ní Bàbá kò jẹun mọ́, kò sì sọ̀rọ̀. Mo dé Ofin ní ọ̀sán. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní yàrá iwájú, wọ́n fi aṣọ bò ó dé àyà. Ìyá mi wà níbẹ̀, àlùfáà àdúgbò wà níbẹ̀, Sídí sì jókòó sí ìhà orí rẹ̀. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí ìyá mi pè é: "Bàbá, Tájù ti dé." Kò dáhùn. Àlùfáà pe orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Kò dáhùn. Mo tẹ̀ba, mo ń tú okùn bàtà kejì. Mo gbọ́ ohùn Sídí, tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà pè dáadáa rí láyé rẹ̀, tó sì pè é lọ́jọ́ náà láti ọ̀nà ọ̀fun:

"Bàbá. Ọghọ́ dà?"

Ìyá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé Bàbá gbọ́, pé ó dáhùn. Àlùfáà ní iṣan ló fa ọwọ́ náà, pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní òpin. Èmi gbé orí sókè láti ìdí bàtà. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti jáde lábẹ́ aṣọ, ó nà sókè gan-an, àwọn ìka rẹ̀ là. Mi ò rí ìgbà tó gbéra. Mo rí i lókè.